Orin Wákà ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Láti Ojúde Wòlímọ̀ dé Inú Àwo

Wákà ni orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń kọ níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìpàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé, àti wòlímọ̀, ìyẹn ayẹyẹ tí a ń ṣe fún ọmọ kéú tó ti ka Kùránì parí. Inú èdè Haúsá ni a ti mú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n gbé e débi tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣí bodè fún àlejò bọ̀rọ̀ títí ogun Ìmágbọn fi jà ní oṣù karùn-ún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣẹ́gun. Lẹ́yìn ogun náà ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kristi tàn kálẹ̀ kíákíá, nígbà tí Balógun Kúkù, jagunjagun àti olówò ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde, sì gba Ìsìláàmù ní 1902, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i bí àpẹẹrẹ. Bí ilé kéú ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń gba orin tó bá ayẹyẹ wọn mu.

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, wákà kò ní ìlù. Ìyá olórin a dá orin, àwọn ẹlẹ́gbè a gbè é, àtẹ́wọ́ ni wọn yóò sì fi máa gbé e lẹ́sẹ̀; nígbà tó yá ni sẹ́lí dé, èyí tí í ṣe irin pẹlẹbẹ méjì tí a so òrùka wẹ́wẹ́ mọ́, tí ó ń dún ṣaworo bí a bá fi wọ́n lu ara wọn. Bí àwọn obìnrin náà bá ti wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tí wọ́n fi ìborùn bo gèlè, wọn a máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èjìká a máa rọ sọ́tùn-ún sósì, bí wọ́n ṣe ń yin Ọlọ́run àti Ànábì, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún olóde, tí wọ́n sì ń fi oríkì ìdílé rẹ̀ kì í, títí tí owó yóò fi máa lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí. Àṣìṣe ńlá ni bí àwọn kan ṣe ń pe wákà ní ọmọ fújì, nítorí pé wákà ti wà kí Àyìndé Barrister tó sọ wéré, orin ìjí-sààrì àwọn ọkùnrin, di fújì.

Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó gbé orin yìí kúrò ní ojúde. Láàárín 1950 sí 1969 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, òun sì ni olórin wákà àkọ́kọ́ tó gbé àwo jáde; ó kú ní 2013. Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ Ìjẹ̀bú láti Ẹ̀pẹ́, tẹ̀lé e. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976 lọ́dọ̀ Leader Records, lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí orílẹ̀-èdè tí àwọn ológun dìtẹ̀ pa ní oṣù kejì ọdún náà. Ní 1992 ni Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ ọbabìnrin wákà.

Nígbà tí ó fi di àkókò Sàláwà, ìlù ti kún inú wákà, ó sì ti di orin agbo ijó. Ọ̀nà mìíràn ni ẹgbẹ́ Ladysmith Black Mambazo ti ilẹ̀ Súlú ní Gúúsù Áfíríkà tọ̀, èyí tí Joseph Shabalala dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1960: ohùn àti ijó ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n dì mú, àwo Graceland tí wọ́n bá Paul Simon kọ ní 1986 sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wọ́n sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ìlù kò ba wákà jẹ́, ṣùgbọ́n wákà aláìnílù náà tó ohun tí a ń tọ́jú, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti ohùn ti hàn gbangba jù lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ àsàláàtù ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gba ohùn àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.