Afárá Tí Ń Yà fún Ọkọ̀ ní Saint-Louis

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Saint-Louis, ní orílẹ̀-èdè Senegal, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọ̀nà omi pàdé níbi afárá kan. Àárín odò ni ìlú náà wà, nítòsí òkun, níbi tí omi òkun ti máa ń ru wọlé tí ó sì máa ń fà padà.

Ní 1865, wọ́n ṣe afárá tó léfòó lórí omi. Ọkọ̀ ojú irin láti Dakar dé ní 1885, ṣùgbọ́n Sor, ní òdìkejì odò, ló dúró sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1897, wọ́n ṣí afárá onírin tuntun tí wọ́n ń pè ní Faidherbe. Gígùn rẹ̀ lé ní 500 mítà.

Kí afárá má baà dínà mọ́ ọkọ̀ tó ń ru ẹrù lọ sí Podor àti Kayes, wọ́n ṣe apá kan rẹ̀ kí ó lè yí bí ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ ńlá bá dé, ẹlẹ́sẹ̀ á dúró; bí ó bá kọjá, afárá á padà sípò, èrò á máa lọ.

Láti àwọn ọdún 1920, ọkọ̀ ojú irin gba òwò mọ́ odò lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún afárá náà ṣe láàárín 2008 sí 2011, wọn kò torí pé ọkọ̀ ti dínkù kan apá tó ń yí pa.

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹgbẹ́ rí: kí ọ̀pọ̀ rọ́nà lọ, kí ìwọ̀nba náà má sì há.