Ègùn àti Ṣakabùlà: Ìtàn Ọdẹ Àgbọ̀nrín ní Eréko Ìbàdàn

Ìfáàrà

Ojú ogun ni àwọn tó kọ ìtàn ìbọn ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń gbà wò ó. Wọn a ròyìn Òwu, Ìjàyè àti Kírìjì; wọn a sọ ibi tí ẹ̀tù ti wá àti orúkọ àwọn balógun tó lò ó. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ oko pọ̀ ju ọjọ́ ogun lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ìlú bá rọ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ tó tún jẹ́ ọdẹ ni ìbọn yẹn kan náà máa ń wà, lórí igi, lóru, níbi tó ti ń dúró de àgbọ̀nrín. Láti orí igi yẹn ni iṣẹ́ yìí ti fẹ́ wo ìtàn náà.

Àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká ni a gbájú mọ́: àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, tí olú-ilé wọn wà ní Mọ́níyà, Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akánràn. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé ìbọn ṣakabùlà, tó ń yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó tún un kì, kò bá ìwà ìkánjú mu. Ègùn ló bá a mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ìbọn náà pẹ́ lọ́wọ́ ará oko kì í ṣe nítorí pé ará oko kò mọ èyí tó dára jù ú lọ, bí kò ṣe nítorí pé òfin àwọn alágbára ló fi í mọ sórí rẹ̀.

Ilẹ̀ àti ẹran

Ìtumọ̀ tí a mọ̀ jù fún orúkọ Ìbàdàn ni ẹ̀bá ọ̀dàn, ibi tí igbó dídí àti pápá ti pààlà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àgbọ̀nrín fẹ́ràn. Ẹran yìí kì í rìn ní agbo. Òun nìkan ló sábà máa ń jẹ̀. Ọ̀sán ni ó ń sá pamọ́ sínú igbó, ìrọ̀lẹ́, òru àti ìdájí ni ó sì ń jáde sí etí oko láti jẹ ewé tútù àti èso tó já sílẹ̀. Akọ rẹ̀ ló ní ìwo. Abo kò ní. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó a gbó bí ajá, a sì ti wọ igbó kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Nígbà tí ará Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko káàkiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí kòkó sì tún tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà, etí igbó pọ̀ sí i ni. Oko ẹ̀wà, oko ilá àti oko ẹ̀gẹ́ di ibi ìjẹun fún ẹran. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdẹ kò jìnnà sí àgbẹ̀. Ẹnì kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà rẹ̀ ló ń wá ẹran ọbẹ̀.

Ègùn

Pẹpẹ ni ègùn jẹ́. Ọdẹ a wá igi tó dúró nítòsí ojú ọ̀nà ẹran, ibi tí ẹran ti ń mu omi, tàbí ìdí igi eléso bí ìyeyè ní àsìkò tí èso rẹ̀ ń já. Níbi tí ẹ̀ka méjì bá ti yà, a to igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé e, a fi ìtàkùn dè é, a sì gun orí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí ni wọ́n ń pè ní dídègùn. Kò gbọdọ̀ wúkọ́, kò gbọdọ̀ mu tábà, kò gbọdọ̀ pa ẹ̀fọn tó ń jẹ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí imú àgbọ̀nrín mú ju ojú rẹ̀ lọ. Gíga igi ló ń gbé òórùn ọdẹ kọjá lórí ẹran. Gíga náà ló sì ń jẹ́ kí ó ríran láàárín koríko.

Àǹfààní kan tún wà tí a kì í sábà kíyè sí. Ìbọn tí a yìn láti orí ègùn ń wo ilẹ̀ ni. Bí ó bá tàsé, erùpẹ̀ ni ọta ń wọ̀. Ìbọn ẹni tó ń rìn kiri nínú igbó lóru lè kọjá ẹran kó bá ọdẹ mìíràn tàbí àgbẹ̀ tó sùn sí ahéré.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu pàápàá jẹ́ ẹ̀rí sí bí ègùn ṣe ṣe pàtàkì tó. A mọ ìtàn ọdẹ tó wà lórí igi tó rí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ rẹ̀, tó gbé e pamọ́ sí ìdí ọ̀gán, tó sì di obìnrin arẹwà tó gba ọjà lọ. Ọdẹ náà gbé awọ, ó sì fi obìnrin náà ṣe aya. Ọjọ́ tí àṣírí tú, aya náà gba awọ rẹ̀ padà, ó sì bọ́ sí igbó. Àwọn mìíràn ń fi ẹfọ̀n sọ ọ́, wọn a sì so ó mọ́ Ọya. Èyíkéyìí tí a bá gbọ́, ìtàn náà kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó jókòó sókè láìmira, tó ń wo ẹran pẹ́ kó tó ṣe ohunkóhun. Ìwòye ṣáájú ìbọn: ohun tí ègùn ń kọ́ni nìyẹn, ohun tí ìtàn náà sì tọ́jú fún wa nìyẹn.

Ìbọn tó ń yìn lẹ́ẹ̀kan

Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. Ọdẹ a wọn ẹ̀tù sí i, a fi àkísà dí i, a fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a da ọta tàbí irin wẹ́wẹ́ lé e, a tún un dí. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣètò ibi tí iná yóò ti kọ́kọ́ ràn. Inú ìbọn náà dán bọ̀rọ́, nítorí náà ọta rẹ̀ kì í lọ tààrà bí ó bá jìnnà. Ìrì òru lè ba ẹ̀tù jẹ́. Bí ó bá sì yìn tán, èéfín a bo ojú, ìró rẹ̀ a lé gbogbo ẹran agbègbè náà. Kí ọdẹ tó tún un kì, ohun tó fẹ́ pa ti lọ.

Ẹni tó bá gbé irú ìbọn yìí ní ìdí púpọ̀ láti dúró títí ẹran yóò fi súnmọ́ ọn. Ó ní àyè láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo, láti mọ abo tó ń tọ́mọ. Kì í ṣe pé gbogbo ọdẹ ló ń dá abo sí. Ebi wà, ọjà sì wà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ náà fi àyè sílẹ̀ fún ìpinnu, òru kan kì í sì í pa ju ẹran kan lọ. Kò yani lẹ́nu pé àwọn àgbà sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ.

Òfin tó pa ìbọn mọ́

Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú gbé wà lára ohun tó ṣẹ́gun Òwu, tí àwọn jagunjagun rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àdá. Nígbà tí Ìbàdàn di ìlú ogun ní nǹkan bí 1829, ìbọn ti ń di ti gbogbo ènìyàn. Ogun Kírìjì (1877 sí 1893) ló fi hàn pé ìbọn tuntun ti dé: Èkìtì Parapọ̀ rí Snider gbà láti Èkó, ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, tó ń lọ jìnnà ju ti àwọn Ìbàdàn lọ.

Kí ogun náà tó parí ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fọwọ́ sí àdéhùn Brussels ní July 2, 1890. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òpin sí òwò ẹrú. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n dí ọ̀nà fún ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ láti wọ apá ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán bọ̀rọ́ àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ìlànà yìí ni ìjọba amúnisìn tẹ̀ lé. Òfin ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1959 náà ya ìbọn tí a ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí a kà léèwọ̀ àti èyí tí àwọn olówó ń gbàwé fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe àìlajú ló mú kí ọdẹ Lálúpọn tàbí Akánràn máa lo irú ìbọn tí Ìbàdàn lò ní Kírìjì. Ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún un nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè tún un ṣe, ó sì lè rọ òmíràn. Ègùn wá sọ àléébù rẹ̀ di ọgbọ́n.

Láti orí igi dé Àgọ́dì

Ìgbà tí ìbọn ọdẹ tún yọjú sínú ìwé ìtàn ni ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Owó orí ga, owó kòkó kéré, àwọn agbowó orí sì ń fìyà jẹ ará oko. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ní November 1968 wọ́n ya wọ Màpó. Ní September 1969 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgọ́dì. Tafa Adéoyè ará Akánràn ni aṣáájú tí orúkọ rẹ̀ tàn jù. Ní October ọdún náà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn ní oko láti bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba Adébáyọ̀ sì dín owó orí kù.

Ṣakabùlà àti oògùn ni a máa ń tọ́ka sí nínú ìròyìn ìjà yìí, bí ẹni pé ohun ìyanu ni. Ohun tí a gbójú fò ni pé ẹni tó ti ń dègùn láti kékeré mọ igbó lóru, ó mọ bí a ti ń dákẹ́, ó sì mọ bí a ti ń jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ súnmọ́ni. A rò pé ìmọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí igbó ṣòro fún ọlọ́pàá tó gbé ìbọn tó dára ju tiwọn lọ. Nígbà tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní January 9, 2020, tí wọ́n sì gba àwọn ọdẹ sínú rẹ̀, ìmọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń wá.

Ìgúnlẹ̀

Lónìí, iná orí ti gba ipò òṣùpá. Ọdẹ tó tan iná sí ojú ẹran kò nílò ègùn. Rírìn ló ń rìn, ìbọn rẹ̀ sì lè yìn léraléra. Igi náà ń tán. Ní Akínyẹlé, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, tọ́jú igbó tó tó héktà 350 nínú ilẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ 1,000; lóde ọgbà rẹ̀, ilé ń tẹ̀ síwájú, ọkọ̀ ojú irin Èkó sì ti ń dé Mọ́níyà láti 2021. Níbi tí kò bá sí igi ńlá, kò lè sí ègùn. Níbi tí kò bá sí etí igbó, kò lè sí àgbọ̀nrín.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ìjálá àti ìrèmọ̀jé, ohun tí ọdẹ ń sọ lẹ́nu. Ohun tí ọdẹ ń fi ọwọ́ ṣe ni a kò tíì kọ tó: igi tó ń yàn, bó ṣe ń ka afẹ́fẹ́, ìwọ̀n ẹ̀tù fún ẹtu àti fún túrùkú, orúkọ ẹ̀yà ara ìbọn lẹ́nu alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí kò ní láti jìnnà sí Ìbàdàn kí ó tó rí wọn. Bí a bá ń sọ ìtàn ìbọn láti ojú ogun nìkan, àgbọ̀nrín èṣí ni a ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀.