Orúkọ Wo Ló Yẹ Súìṣì Tí A Kì í Tẹ̀?

Láàárín àwọn ohun èlò tí a fi ń darí ẹ̀rọ ńláńlá ní ilé-iṣẹ́, ọ̀kan wà tí ó máa ń le fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ó jọ bọ́tìnì ṣùgbọ́n a kì í tẹ̀ ẹ́, ó ń lo ìtànṣán ṣùgbọ́n kò wà fún ìmọ́lẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ààbò ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni a ṣe ṣe é. Àpótí kékeré kan ni, tí ó lanu sílẹ̀. Ní ètè kan ẹnu náà ni iná tíńtín kan wà tí ń rán ìtànṣán tí ojú kò lè rí sí ètè kejì, níbi tí ohun tí ń gba ìtànṣán wà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ki ọwọ́ bọ ẹnu yìí, ìtànṣán yóò já, súìṣì náà yóò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ọwọ́ ti dé. Méjì ni a sábà máa ń fi sára ẹ̀rọ kan, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, èkejì fún ọwọ́ òsì, ẹ̀rọ tí ń tẹ páànù tàbí tí ń gé òkìtì bébà kò sì ní mira àfi bí ọwọ́ méjèèjì bá wọlé pọ̀. Bọ́tìnì onísípírìńgì ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi agbára tẹ irú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí ọrùn-ọwọ́ yóò fi máa dùn ún. Ìtànṣán kò béèrè agbára kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó dí i.

Apẹ́tẹ̀, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó, lẹ́yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1970 tí gbogbo ìlú sì ń pè ní Pólì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ibẹ̀ ni èdè ìwé àti èdè ṣọ́ọ̀bù ti ń pàdé lójú pópó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lè máa gbé ojúlé kan náà pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà, kápẹ́ńtà tàbí atẹ̀wé. Ti àkọ́kọ́ ní orúkọ gbogbo nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ti èkejì sì mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń bunijẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kò ní súìṣì onítànṣán rárá, ẹ̀rọ ìlagi tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń yí láìbò ṣì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtẹ̀wé yàtọ̀. Ẹ̀rọ ìgébébà ńlá, tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní gílótìn, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Polar-Mohr ti ń ṣe ní Hofheim ní ilẹ̀ Jámánì, máa ń ní ibi méjì tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sí kí ọ̀bẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún máa ń ní ìtànṣán tí ń ṣọ́ iwájú ọ̀bẹ náà. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní Nàìjíríà, èdè tí wọ́n sì fi kọ ìkìlọ̀ sí wọn lára kì í ṣe èdè ẹni tí ń gé bébà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìfẹ́ èdè lásán. Òfin Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1987 tí ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti 2004, pàṣẹ pé kí a má ṣe fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é léṣe àfi bí a bá ti kọ́ ọ ní kíkún nípa ewu tí ó wà níbẹ̀ àti ìṣọ́ra tí ó yẹ kí ó ṣe. Ẹ̀kọ́ tí kò yé ẹni tí a ń kọ́ kò lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ní kíkún. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìwé tí ó yẹ kí olùkọ́ bẹ̀ wò kò tíì dé ibẹ̀: ìdìpọ̀ méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1984 tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú èkejì ní 1990, wà fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì jókòó báyìí ti ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ súìṣì àti bọ́tìnì kò yẹ kí ó gba àkókò ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹnu ni wọ́n wà, ọmọdé mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti gba ohùn Yorùbá; ẹni tí ó bá fẹ́ lé wọn jáde yóò kàn fi ọ̀rọ̀ gígùn rọ́pò wọn tí kò ní kúrò nínú ìwé. Ẹ̀rọ amúnáwá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dára, àwọn oníròyìn sì ń lò ó, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ni ẹni tí epo tán mọ́ lọ́wọ́ ń pariwo. Ohun tí ó yẹ kí a fi Yorùbá ṣe ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín súìṣì kan àti òmíràn, nítorí pé inú ìyàtọ̀ yẹn ni ìka ènìyàn ti ń lọ tàbí tí ó ti ń bọ́.

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ iná. Iná tí ń se ọbẹ̀, iná tí ń tàn nínú yàrá àti iná tí NEPA mú lọ, iná kan náà ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dà láàmú nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ohun tí a ń sọ yìí ní súìṣì oníná, ohun tí atẹ̀wé yóò gbọ́ ni súìṣì tí a fi wáyà iná sí, bẹ́ẹ̀ súìṣì wo ni kò ní wáyà iná? Ìmọ́lẹ̀ náà kò tọ́, nítorí pé ohun tí ojú ń rí ni ìmọ́lẹ̀, ìtànṣán tí ń kọjá ní ẹnu súìṣì yìí kì í sì í hàn. Ìtànṣán ló yẹ, kí a sì fi àìfojúrí kún un níbi tí ó bá ti ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí àwọn elétò ìlera ti ń sọ nípa kòkòrò àìfojúrí tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó wà. Àwọn kan lè fẹ́ ìtànṣán abẹ́-pupa nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì ṣe ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ pupa. Ìyẹn lè wà nínú ìwé físíìsì, kò wúlò fún ẹni tí ó dúró níwájú ọ̀bẹ.

Ìṣòro kejì ni tẹ̀. Láti ìgbà Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti gba iṣẹ́ ìwé, tí ó fi bí ìtẹ̀wé, atẹ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé. Òun kan náà ni a ń lò fún bọ́tìnì. Afọwọ́tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, àṣìṣe ni yóò sì jẹ́, nítorí pé ohun tí súìṣì yìí fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́ gan-an ni pé kò sí ohun tí a ń tẹ̀ lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí a bá sọ fún pé kí ó tẹ̀ ẹ́ yóò máa wá ohun tí yóò wọlé lábẹ́ ìka rẹ̀, bí kò bá sì rí i, yóò gbá a. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń dí ìtànṣán. Nítorí náà, ní ọ̀nà kan náà tí a gbà ṣẹ̀dá amúlétutù àti agbóhùnsílẹ̀, afọwọ́dítànṣán ni orúkọ tí ó bá a mu, èyíinì ni ohun tí a ń fi ọwọ́ dí ìtànṣán rẹ̀: súìṣì afọwọ́dítànṣán. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tí yóò ṣe.

Ṣé ó wá tó bẹ́ẹ̀? Kò tó, ibí yìí sì ni ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkélé ìtànṣán tún wà, èyí tí í ṣe ọ̀wọ́ ìtànṣán tí a tò sí iwájú ibi ewu bí aṣọ ojú fèrèsé. Bí ọwọ́ tàbí orí bá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Òun náà, ìtànṣán rẹ̀ ni a ń dí. Lójú ẹni tí ń wo ohun tí ọwọ́ ṣe nìkan, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń bẹ̀rẹ̀ níbi kan, ó sì ń dúró níbi kejì. Asọ̀rọ̀mágbèsì tó fún rédíò, nítorí pé rédíò kì í gé ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ́ lò fún ààbò gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí ó sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti ṣe tirẹ̀. Ó yẹ kí a máa pe ti àkọ́kọ́ ní ìtànṣán ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì máa pe ti èkejì ní ìtànṣán ìdádúró, kí afọwọ́dítànṣán àti ìkélé ìtànṣán sì wà fún ìwé tí ń ṣàlàyé bí a ṣe kọ́ wọn. Ìyàtọ̀ yìí tún jẹ́ kí ohun mìíràn yéni: bí ìdọ̀tí bá bo ojú ìkélé ìtànṣán, ẹ̀rọ yóò dúró, kò sí ewu, ṣùgbọ́n bí ó bá bo ẹnu ìtànṣán ìbẹ̀rẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé ọwọ́ ló wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe é fi máa ń fi ọ̀nà méjì tí ń yẹ ara wọn wò sí inú rẹ̀, tí wọn kì í sì í gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kan ṣoṣo.

Ní ti ọwọ́ méjèèjì, èdè Yorùbá ti ní ohun tí a nílò. Òwe ọwọ́ ọ̀tún tí ń wẹ òsì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bá a mu, nítorí pé nínú òwe náà ọwọ́ kan ń ran èkejì lọ́wọ́, nígbà tí ẹ̀rọ ń fẹ́ kí iṣẹ́ há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ kí ìkankan má bàa ráyè lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni a ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Súìṣì adíwọ́ ni orúkọ tí ó yẹ irú ìdarí ọlọ́wọ́ méjì bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìtànṣán tàbí ti bọ́tìnì, nítorí pé ọwọ́ tí ó dí kò sí níbi ewu. Ìlànà àgbáyé ISO 13851, tí ó wà fún ohun èlò yìí, fẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wọlé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá síra wọn. Ó tún fẹ́ kí ibi méjèèjì jìnnà síra, ó kéré tán 260 mìlímítà kí ọwọ́ kan ṣoṣo má bàa lè nà dé méjèèjì, tàbí 550 mìlímítà níbi tí a bá fẹ́ dènà ẹni tí yóò fi ọwọ́ kan dí ọ̀kan tí yóò sì fi ìgúnpá apá kan náà dí èkejì. Ìtànṣán kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ìgúnpá, kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí páálí. Ọgbọ́n tí àwọn òṣìṣẹ́ kárí ayé ń dá ni láti fi nǹkan dí ọ̀kan pa, kí ọwọ́ kan lè máa tún bébà ṣe. Nítorí náà ni ẹ̀rọ tòótọ́ kì í fi í tún bẹ̀rẹ̀ àfi bí méjèèjì bá ti kọ́kọ́ ṣófo. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí kò nílò ọ̀rọ̀-orúkọ rárá. Gbólóhùn kan ti tó: Gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di ọ̀rọ̀-orúkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń pàṣẹ.

Bọ́tìnì olórí pupa lórí àwọ̀ ìyeyè, tí a ń gbá nígbà pàjáwìrì, ní wàhálà tirẹ̀. Bọ́tìnì ìdádúró pàjáwìrì tọ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìdádúró ni lẹ́tà tí ọ̀gá ń fún òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò sì ní ṣaláìfi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Adáẹ̀rọdúró kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé ẹ̀rọ ni a dárúkọ nínú rẹ̀.

Ààbò ló kù, òun ló sì nílò ìṣọ́ra jù. Ọ̀rọ̀ náà ń rán Yorùbá létí Ọlọ́run, ọdẹ àti ọlọ́pàá, àwọn tí ń ṣọ́ni láìka ibi tí ènìyàn dúró sí. Súìṣì adíwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nìkan ni ó ń dáàbò bò, ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ń fa bébà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Súìṣì ààbò lásán yóò tan ọmọ náà jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo ààbò, èyíinì ni bí súìṣì ti gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí ọ̀bẹ. ISO 13855 gbà pé ọwọ́ ń sáré tó 1,600 mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí ẹ̀rọ kan bá ń gba 0.3 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dúró, ọwọ́ ti lè rin 480 mìlímítà, a ó sì fi 250 kún un nítorí apá ọwọ́ tí ó lè ti gba iwájú kí súìṣì tó mọ̀ pé ó kúrò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 730. Bí bíréèkì ẹ̀rọ tòkunbọ̀ náà bá ti gbó, iye náà kò tó mọ́, bí orúkọ rẹ̀ ti wù kí ó dára tó.

Kí ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ yìí ní Apẹ́tẹ̀ tàbí níbikíbi lẹ àkọlé méjì mọ́ ọn, kí ó sì fi àmì ohùn sí wọn dáadáa: Ìtànṣán ìbẹ̀rẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu súìṣì kọ̀ọ̀kan, àti Ìtànṣán ìdádúró, kí ó wà níwájú ọ̀bẹ. Ògiri ọ́fíìsì kọ́ ni ibi tí wọ́n ń lẹ̀ wọ́n sí.