Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì Kan ní CBS

Aago New York ni mo fi ń ka wákàtí nínú ìtàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni Walter Cronkite, olùka ìròyìn tẹlifíṣọ̀n CBS, wà ní ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Aago Dallas fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí i.

Aago 1:30. Ìbọn dún ní Dallas. Nínú ọkọ̀ àwọn oníròyìn tó ń tẹ̀lé Ààrẹ Amẹ́ríkà, John Kennedy, tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà, Merriman Smith ti iléeṣẹ́ ìròyìn UPI ló sì jókòó tì í. Ó já a gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ létí. Jack Bell ti AP, iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń bá UPI díje, wà lẹ́yìn, ó ń kù ú ní ẹ̀ṣẹ́ pé kó gbé e wá. Smith ká kò, ó di tẹlifóònù mọ́ra. Iwájú ọkọ̀ yẹn kan náà ni Malcolm Kilduff, agbẹnusọ Kennedy nínú ìrìn àjò náà, jókòó sí. Ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Aago 1:34. Agogo ara ẹ̀rọ tó ń tẹ ìròyìn jáde ń dún ní yàrá ìròyìn CBS. Cronkite wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé ìbọn mẹ́ta ni wọ́n yìn sí àwọn ọkọ̀ tí ààrẹ bá kọ́wọ̀ọ́ rìn. UPI yìí gan-an ni Cronkite ti kọ́ṣẹ́, nígbà tó ṣì ń jẹ́ United Press. Ọdún 1937 ló wọ ibẹ̀. Ní 1943, ó bá ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà fò lọ sí Wilhelmshaven ní Jámánì. Ó jókòó ní Nuremberg nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀gá Nazi. Ó ṣe aṣojú ìròyìn ní Moscow. Ọdún 1950 ló dé CBS. Ẹni tó bá ti jẹun nídìí iṣẹ́ UPI mọ òfin méjì tí ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́: yára ju AP lọ, má sì ṣì í sọ.

Aago 1:40. Eré As the World Turns ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn òṣèré sì ń ṣe é lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀. Cronkite fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kankan kò gbóná. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà lè gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kó tó ṣeé lò. Ohùn rẹ̀ nìkan ni àwọn olùwòran gbọ́, àkọlé lásán ni wọ́n sì ń wò: wọ́n yìnbọn sí ààrẹ, ó farapa gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá eré padà! Àwọn òṣèré kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ń kú lọ ní Dallas, wọ́n ń polówó ọjà ní New York.

Aago 2:00. Kámẹ́rà ti gbóná. Cronkite yọ sójú ayé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì àti táì, kò wọ kóòtù. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí òun àti Kennedy jọ jókòó ní Hyannis Port, lọ́jọ́ tí CBS sọ ìròyìn alẹ́ rẹ̀ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìṣẹ́jú 38 tó tẹ̀lé e ni mo ka iṣẹ́ ọkùnrin yìí sí, kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń rántí. Eddie Barker, oníròyìn KRLD ní Dallas, tó wà ní gbọ̀ngàn tí Kennedy ìbá ti jẹun ọ̀sán, ní ẹnìkan láti ilé ìwòsàn sọ fún òun pé ààrẹ ti kú. Cronkite sọ ọ́, ó sì fi kún un pé kò tíì sí ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dan Rather, oníròyìn CBS, tẹ̀ wọ́n láago láti Dallas, ohun kan náà ló wí. Rédíò CBS kò dúró mọ́: wọ́n kéde ikú, wọ́n sì lu orin orílẹ̀-èdè. Wọ́n tún ní àwọn àlùfáà méjì tó gbàdúrà ìkẹyìn fún un ní ó ti lọ. Cronkite ń dárúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó kú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kì í ṣe ará ààfin kì í tú ikú ọba. Cronkite kò mọ àṣà wa, ààfin ló sì ń dúró dè.

Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni gbogbo àhesọ náà. Barker kò parọ́, Rather kò parọ́. Ààfin gan-an ló ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: Kilduff ti lọ bá igbákejì ààrẹ, Lyndon Johnson, pé òun fẹ́ kéde, Johnson sì ní kó jẹ́ kí òun kúrò ní ilé ìwòsàn ná.

Aago 2:33. Kilduff kéde rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Parkland.

Aago 2:38. Wọ́n fi ìwé AP lé Cronkite lọ́wọ́. Ó kà á: Ààrẹ Kennedy kú ní aago méjì, ìṣẹ́jú 38 sẹ́yìn. Ó yọ awò ojú, ó wo aago ara ògiri, ó gbé itọ́ mì. Ohun tí gbogbo ayé ń rántí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń gé fọ́nrán ìkéde náà dé tí wọ́n bá ń fi hàn wá. Àánú ló ṣe mí pé wọn kì í jẹ́ kó lọ síwájú díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó kàn lẹ́nu rẹ̀ ni pé Johnson ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì ṣeé ṣe kó máa lọ búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ kẹrìndínlógójì.

Aago 3:38. Johnson búra nínú ọkọ̀ òfuurufú, níwájú Adájọ́ Sarah Hughes. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kankan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Smith wà níbẹ̀. Ìròyìn ọjọ́ náà ló gba ẹ̀bùn Pulitzer fún un lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Nígbà tí Charles Collingwood, oníròyìn CBS mìíràn, wá gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, Cronkite wọ ọ́fíìsì lọ, tẹlifóònù ń dún, ó sì gbé e. Obìnrin kan ló ń pe CBS láti fi ẹjọ́ sùn: kí ló dé tí wọ́n fi Cronkite síbẹ̀ kó máa sunkún èké, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó kórìíra Kennedy? Cronkite sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, ó pè é ní òmùgọ̀, ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí.