Owó Ta Ni? Awólọ́wọ̀ àti Ìjà fún Mẹ̀kúnnù

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Òwe yìí bá ìtàn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, mu. Ní Jọ́ọ̀sì, ní oṣù Kejì ọdún 1962, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ pinnu pé ọrọ̀ ìlú kò gbọdọ̀ di ti àwọn díẹ̀. Àwọn alátakò kò ṣàì bèèrè pé: báwo ni lọ́yà olówó ṣe ń gbẹnu sọ fún tálákà?

Owó níní nìkan kò sọ ni di alágàbàgebè. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ikú bàbá rẹ̀ ní ọdún 1920 mú kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rán ara rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀sùn tí ó wúwo ni ti ìgbìmọ̀ Coker, èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1962: wọ́n ní owó àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí èrè kòkó àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, bọ́ sí àpò ẹgbẹ́. Lóòótọ́, ọwọ́ àwọn abánidíje rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ wà. Síbẹ̀, láti oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ọmọ àgbẹ̀ ti ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìjọba rẹ̀.

Nítorí náà, kí òpìtàn má ṣe bi ajàfúntálákà pé, “Ǹjẹ́ o lówó?” Kí ó bi í pé, “Owó ta ni? Ta ni ó sì jẹ èrè rẹ̀?”