Koríko Ojú Ọ̀sà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́
Ní 1984 ni koríko olódòdó àlùkò kan, tí Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ilé rẹ̀, gba ìhà Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà ni ó tàn dé ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe ojúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí a mọ̀. Ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń ba àwọ̀n apẹja jẹ́.

Àwọn kan ní ká fín oògùn sí i. Ṣùgbọ́n a kì í rúbọ ká tó dá Ifá. Bí oògùn bá pa á lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ a gba èémí lọ́wọ́ ẹja.

Iyọ̀ ni èèwọ̀ rẹ̀: bí omi òkun bá wọ ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kú, lápá Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi kò ti níyọ̀ púpọ̀, á máa gbilẹ̀. Ìdọ̀tí tí à ń dà sódò lókè wà lára oúnjẹ rẹ̀.

Àwa gbà pé kí a kọ́kọ́ wádìí orísun. Kí ìwòsàn má ṣe pa apẹja lẹ́kún. Kí ará òkè odò sì máa ro ti ará ìsàlẹ̀. Ọ̀sà tó wà lápá Ẹ̀pẹ́ ni odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí. Ẹni tó bá bọ Ọ̀ṣun tán, tó tún da ìdọ̀tí sí i, ẹnu ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló dà á sí.