Búrẹ́dì àti Àtọ̀gbẹ: Ìtàn Bí Aláìsàn Ṣe Padà Sídìí Oúnjẹ



Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ísìláàmù, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ikú. Búrẹ́dì ni. Ìyá tí ń ṣe búrẹ́dì tà ni ó bí mi ní Ìbàdàn. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti inú ààrò rẹ̀ ni ó sábà máa ń jí wa fún ìrun Àsùbáà. Fún odidi ọdún kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà náà, n kò jẹun mọ́ níbi ìsọmọlórúkọ tàbí wòlímọ̀. Bí wọ́n bá gbé àwo wá, n óo ní mo ti yó. N kò yó rárá. Ìtìjú ni ó ń dà mí láàmú. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àìsàn yìí, mo rí i pé ebi tí mo ń fi pa ara mi, àwọn kan ti jẹ ẹ́ rí ṣáájú mi, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn fún wọn. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa wo ẹni tí ń tọ̀ ṣáá, tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ lọ, wọ́n pe àìsàn náà ní àtọ̀gbẹ. Àwọn mìíràn pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ará Gíríìkì fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń ṣàn kọjá. Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni ẹran ara aláìsàn ń yọ́ bá ìtọ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà pè é ní ìtọ̀ oyin, nítorí wọ́n rí i pé èèrà ń rọ́ lọ sí ibi tí aláìsàn bá tọ̀ sí. Èdè wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ojú gbogbo wọn rí.

Nígbà tí ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, wọn kò gbé e pamọ́. Ibn Sina, tí a bí ní ọdún 980, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ńlá, Al-Qanun fi al-Tibb, tí wọ́n fi kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ṣàlàyé ebi àpọ̀jù tí ń pa aláìsàn, ẹsẹ̀ tí ń jẹrà, àti adùn tí ó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Abd al-Latif al-Baghdadi, tí ó kú ní 1231, kọ odidi ìwé kan lórí àìsàn yìí nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé kíkó ara ẹni lọ sọ́dọ̀ dókítà fi àìní ìgbàgbọ́ hàn, kò mọ ìtàn àwọn àgbà ẹ̀sìn rẹ̀.

Ní 1776, dókítà kan ní Liverpool, Matthew Dobson, gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán. Ohun funfun tí ó dà bíi ṣúgà ni ó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Ó tún ṣàkíyèsí pé adùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé gbogbo ara ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kì í ṣe kíndìnrín nìkan. Ìgbà náà sì ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀tá.

Ní ilẹ̀ Faransé, Apollinaire Bouchardat rí i pé nígbà tí ogun ká ìlú Paris mọ́ ní 1870 sí 1871, tí oúnjẹ wọ́n gógó, ara àwọn alátọ̀gbẹ rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó ṣòro kí ènìyàn máa gbé láìsí búrẹ́dì. Òun ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n fọ sítáàṣì kúrò nínú ìyẹ̀fun àlìkámà, kí wọ́n fi ohun tí ń fà bíi gọ́ọ̀mù tí ó bá ṣẹ́kù ṣe búrẹ́dì fún àwọn aláìsàn. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí oníṣègùn tí ó rántí pé ẹni tí ń ṣàìsàn ṣì ní ẹnu tí ń fẹ́ oúnjẹ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rántí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1915, Frederick Allen ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York fi ebi ṣe ìtọ́jú. Aláìsàn yóò gbààwẹ̀ títí ṣúgà yóò fi kúrò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa fún un ní oúnjẹ bíńtín: ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a da omi rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti àkàrà tí a fi èèrí ọkà yan. Allen kì í ṣe ìkà. Ó ń wá bí wọn yóò ṣe pẹ́ díẹ̀ sí i láyé ni. Ọmọdékùnrin kan wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ tí àìsàn náà ti fọ́ lójú. Ṣúgà kò kúrò nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n rí i pé ọmọ náà ń jẹ ọṣẹ ìfọyín, ó sì ń jẹ oúnjẹ ẹyẹ tí wọ́n fi sínú àgò. Nígbà tí mo kà á, mo pa ìwé náà dé.

Ṣùgbọ́n ìdáǹdè ti ń bọ̀. Ní 1889, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering ti fi hàn pé bí a bá yọ ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, kúrò nínú ajá, àtọ̀gbẹ ni yóò mú un. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1921, Frederick Banting àti Charles Best ṣe iṣẹ́ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, nínú ilé ìwádìí John Macleod, títí wọ́n fi fa oje kan jáde láti inú ẹ̀yà ara náà. Ínsúlínì ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí ó ti rù kan egungun, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oògùn náà kò mọ́ tó, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. James Collip sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́, wọ́n sì tún gún ọmọ náà ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ oògùn tí ó tó láti sọ ènìyàn di olówó rẹpẹtẹ yìí, dọ́là kan péré ni wọ́n tà á fún yunifásítì náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1922, wọ́n gbé Elizabeth Hughes, ọmọbìnrin tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún 15, tí ó ti ń jẹ oúnjẹ Allen fún ọdún mẹ́ta, lọ bá Banting. Bí ó ṣe ga tó, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò 20 ati díẹ̀ lọ. Àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kún fún ìròyìn oúnjẹ tí ó ń jẹ. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, kò sì kú títí di 1981.

Ohun kan yà mí lẹ́nu. Ọdún 1921 yẹn kan náà ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó. Òun ni wọ́n wá ń pè ní ọba búrẹ́dì ilẹ̀ Nàìjíríà, òun náà sì ni a mọ̀ mọ ẹ̀rọ tí ń lọ́ ìyẹ̀fun pípò mọ́ra, tí ó ń mú kí búrẹ́dì wa kì, kí ó sì rọ̀. Bí búrẹ́dì funfun ṣe ń wọ ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni ìwòsàn fún ẹni tí búrẹ́dì yóò pa lára ń jáde ní òdìkejì òkun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, dókítà kan tí àtọ̀gbẹ mú, Robin Lawrence, ti lọ sí ìlú Florence ní Ítálì láti lọ dúró de ikú rẹ̀. Ní 1923, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé oògùn ti dé. Ó wa ọkọ̀ padà sí London. Ní 1934, òun àti òǹkọ̀wé H. G. Wells dá ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sílẹ̀. Ó gbé ayé títí di 1968. Ó kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe máa wọn oúnjẹ wọn fúnra wọn, kí wọ́n lè bá àwọn ẹlòmíràn jókòó jẹun.

Lẹ́yìn èyí ni ìmọ̀ ń gbòòrò sí i. Ní 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Búrẹ́dì funfun wà lára àwọn tí ń sáré. Àwọn oríṣìí ẹ̀wà ni ó rọra ń rìn jù. Ní 2002, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn tí ń lo ínsúlínì, bí a bá kọ́ wọn láti ka ìwọ̀n sítáàṣì àti ṣúgà inú àwo wọn kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, lè jẹ ohun tí àwọn ará ilé wọn ń jẹ, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì tún dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ìwọ̀n ni ìtàn náà ń tọ́ka sí. Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Àlùkùránì pé kí a jẹ, kí a mu, kí a má sì ṣe kọjá ààlà. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, sáhábè Sahl ọmọ Sa'd ròyìn pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fojú kan ìyẹ̀fun funfun kíkúnná títí ó fi kúrò láyé. Ọkà báálì ni wọ́n ń lọ̀, wọn yóò fi ẹnu fẹ́ èèpo rẹ̀, èyí tí kò bá fò lọ, wọn yóò pò ó mọ́ ọn. N kò sọ pé ọkà báálì ni oògùn àtọ̀gbẹ o. Bẹ́ẹ̀ ni oyin, tí ìwòsàn wà nínú rẹ̀, àti dàbínù tí a fi ń ṣínu: ṣúgà ni wọ́n gbé lọ́wọ́, a sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n mọ́ ọn.

Mo ti padà sídìí ààrò. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ìyàwó mi máa ń po ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò yọ èèpo rẹ̀ mọ́ ti ọkà báálì, láìsí ṣúgà. Ó máa ń le ju búrẹ́dì ìyá mi lọ, kì í sì í wú tó o, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Mo máa ń wọn ègé kan, mo máa ń fi ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ tì í, mo sì máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Ara kò rí bákan náà. Kí olúkúlùkù béèrè ti ara rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, kí ó má sì fi oògùn sílẹ̀ nítorí oúnjẹ tàbí àgbo kankan.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nínú Ramadan kan, ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa ṣubú lulẹ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a ṣínu. Ó ń gún ínsúlínì, ó sì ń gbààwẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ọsibítù, mo rán an létí pé Ọlọ́hun fún aláìsàn ní ìyọ̀ǹda, pé ẹni tí kò bá sì lè san án padà lè máa bọ́ tálákà. Mo wá sọ fún un pé èmi náà ní àtọ̀gbẹ. Ó wò mí títí, ó ní, “Ìmáámù, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì rẹ̀ ni mo kọ yìí. Mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì ń jẹun. Bí ẹ bá gbé àwo wá fún mi níbi wòlímọ̀ tí ń bọ̀, n óo gbà á, n óo sì bu ìwọ̀n tèmi níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi tiyín pamọ́. Kí Rọmọdọ́ọ̀nù tó wọlé, ẹ lọ rí dókítà yín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá rí mi.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fi ìbùkún sínú oúnjẹ wa. Àmín.